Olùgbọ́ Tí Ó Mọ̀ Ọ́n Gbọ́: Bí Iṣẹ́ Ìlù Ṣe Rọlẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Tún Gbéra ní Agbègbè Ìlobùú, Èrìn-Ọ̀ṣun àti Ìfọ́n

Ìfáàrà

Láàrin àwọn iṣẹ́ àjogúnbá ilẹ̀ Yorùbá, ìlù lílù wà lára èyí tí àwọn ènìyàn máa ń rò pé kò lè bàjẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń rò bẹ́ẹ̀ ni pé inú ìdílé ni a ti ń kọ́ ọ. Wọ́n a ní ọmọ Àyán kì í kọ́ ìlù, pé ó bá a wáyé ni. Èrò yìí dùn létí, ó sì bu iyì fún àwọn onílù, ṣùgbọ́n ó ní ewu nínú. Bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ ohun tí ènìyàn bá wáyé, kí ni oníṣẹ́ náà tún fẹ́ wá kọ́? Ta ni yóò sọ fún un pé èyí tí ó lù lánàá kò dára tó? Ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò bá ti ní ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ ni àmọ̀tán ti ń wọlé, èyíinì ni kí oníṣẹ́ gbà nínú ara rẹ̀ pé òun ti dé òpin ìmọ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní agbègbè kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí òkìkí onílù ti kàn jìnnà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìdílé nìkan kò tó láti mú kí iṣẹ́ ìlù dára. Olùgbọ́ tí ó mọ̀ ọ́n gbọ́, tí ó sì lè sọ pé "kò rí bẹ́ẹ̀", ni òpó tí iṣẹ́ náà fẹ̀yìn tì. Nígbà tí irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹgbẹ́ onílù kò ráyè tòògbé. Nígbà tí wọ́n dínkù, owó gba ipò adájọ́. Nígbà tí a sì tún rí àwọn mìíràn tí wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ onílù, iṣẹ́ náà tún gbéra.

Agbègbè Náà àti Àwọn Onílù Rẹ̀

Ìlobùú, Èrìn-Ọ̀ṣun àti Ìfọ́n jẹ́ ìlú mẹ́ta tí wọ́n wà nítòsí ara wọn, tí wọn kò sì jìnnà sí Òṣogbo. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Lónìí, Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Ìjọba Ìbílẹ̀ Orólù.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a fi mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ìlobùú ni ìlú tí orúkọ Erinlẹ̀ ti gbilẹ̀ jù lọ. Níbẹ̀ ni Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, gbé fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kọjá sí Òṣogbo, iṣẹ́ ọnà igi tí ó bá nínú àwọn ojúbọ ìlú náà ni ó sì fi ṣe ìwé kékeré kan tí a tẹ̀ jáde ní 1957. Ní ti Ìfọ́n, orúkọ Olúfọ́n so ìlú náà pọ̀ mọ́ Ọbàtálá, tí a tún ń pè ní Òrìṣà Olúfọ́n, ìgbìn sì ni ìlù tirẹ̀. Èrìn-Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ jẹ́ ibùjókòó àwọn ìdílé Àyán tí wọ́n ń lu bàtá àti dùndún. Láti ibẹ̀ ni Làmídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun ti jáde, tí orúkọ wọn fi di ohun tí a mọ̀ ní òkè òkun.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé onílù kì í ṣe oníṣẹ́ ìlú kan ṣoṣo. Ibi tí ọdún bá wà, tí ìgbéyàwó wà, tí òkú àgbà wà, ibẹ̀ ni onílù ń lọ. Bí àwọn ìlú bá ti súnmọ́ ara wọn báyìí, tí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní òrìṣà àti ìtàn tirẹ̀, onílù tí yóò jẹun níbẹ̀ kò lè fi oríkì ìlú kan ṣoṣo rìn.

Bí Iṣẹ́ Ṣe Pín Láàrin Ẹgbẹ́ Onílù

Kí ó lè yé ni bí iṣẹ́ yìí ṣe ń dára tàbí bí ó ṣe ń bàjẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe pín in. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù tí ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká ni ó ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì, ìṣaájú, ìkẹ́yìn àti kànnàǹgó ń gbè é, gúdúgúdú tí ó ní ojú kan ṣoṣo sì ń fi bílálà méjì dá sí i. Nínú ẹgbẹ́ bàtá, ìyáàlù àti omele abo ni wọ́n jọ ń fọhùn, omele akọ sì di ìlù mú lábẹ́ wọn. Kúdi náà jẹ́ ara ẹgbẹ́ yìí.

Bàtá ṣòro ju dùndún lọ láti gbọ́. Onílù dùndún lè fún ọ̀sán kí ohùn lọ sókè, kí ó sì tú u kí ó rọlẹ̀, bí ẹni tí ń fi ẹnu sọ̀rọ̀. Bàtá kò ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Ojú méjì ni ó ní, ojú òjò tí ó fẹ̀ àti ṣáṣá tí ó kéré, ìró wọn sì kúrú. Nítorí náà, ọ̀nà tí bàtá ń gbà sọ Yorùbá jìn díẹ̀, àwọn onílù rẹ̀ sì ní ẹnà tí wọ́n fi ń pe ohùn ìlù lẹ́nu, èyí tí ẹni tí kò kọ́ ọ kò lè tú.

Láti inú ètò yìí ni a ti rí i pé iṣẹ́ ìlù jẹ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ẹnìkan kì í jẹ́ "Àwá dé". Bí omele abo bá pẹ́ dé ibi tí ó yẹ kí ó ti gba ọ̀rọ̀, gbólóhùn ìyáàlù á já sí méjì. Bí omele akọ bá sáré, ẹsẹ̀ oníjó á yẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọdé fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìlù kéékèèké. Ohun tí ó ń kọ́ níbẹ̀ ju bí a ti ń fi ọwọ́ lu awọ lọ. Ó ń kọ́ bí a ti ń gbọ́ ẹlòmíràn nígbà tí ọwọ́ ẹni kò dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi ṣe èyí kí àwọn àgbà tó gbé ìyáàlù kọ́ ọ lọ́rùn.

Nígbà Tí Olùgbọ́ Jẹ́ Adájọ́

Ní ayé àtijọ́, ojú àwọn tí wọ́n mọ̀ ni onílù ti ń ṣiṣẹ́. Elégùn Ṣàngó tí ń jó bàtá mọ ìlù tí ó yẹ kí ó gbé òun dìde. Eégún tí ó jáde mọ oríkì ilé tirẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n dúró lẹ́bàá ògiri, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ akéwì oríkì, mọ̀ bí onílù bá fò ìlà kan. Bí ó bá fi oríkì Oníkòyí ki ọmọ Ọ̀pómúléró, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí. Ojú ẹsẹ̀ ni wọn yóò ti dá a dúró. Ní ààfin, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí onílù ni ó ń pe orúkọ àwọn ọba tí ó ti wàjà. Kí ó gbàgbé ọ̀kan nínú wọn dà bí ìgbà tí ó yọ ọ́ kúrò lórí oyè.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù lọ ní agbègbè Ọ̀ṣun ni Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèṣe Láoyè Kìn-ín-ní, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975. Ọba yìí kò fi ìlù sílẹ̀ fún onílù nìkan. Òun fúnra rẹ̀ mọ dùndún lù. Ní 1959, àpilẹ̀kọ kan tí ó kọ lórí àwọn ìlù Yorùbá jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún onílù tí ó bá dé iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sórí ìtẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ òsì ń fi ọ̀sán ṣe. Kò sí bí onílù ṣe lè fi ariwo bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ níwájú irú ọba bẹ́ẹ̀.

Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ìbáwí tí ó ń ti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ wá yìí ni ó fún ìbáwí inú ilé ní agbára. Bàbá lè bá ọmọ rẹ̀ wí nínú ilé, ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó wà lóde ni ó ń mú kí ọmọ náà gbọ́.

Bí Àmọ̀tán Ṣe Wọlé

Ìyípadà tí ó dé kò ti ọwọ́ ẹnìkan wá. Èkíní ni ti ẹ̀sìn. Bí Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ti ń gbilẹ̀, àwọn ìdílé onílù náà wọ inú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di Mùsùlùmí. Ọdún òrìṣà kò parẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lè tú ọ̀rọ̀ bàtá dínkù láàrin èrò tí ó wá wòran.

Èkejì ni ti ilé-ìwé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà nílé-ìwé, tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432 ní ọdún náà. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe ilẹ̀ Yorùbá ní àǹfààní tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́. Síbẹ̀, ó gba àkókò tí ọmọ onílù fi ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ ká òde. Ohun tí ó tún ṣe, tí a kì í sábà sọ, ni pé ó gba àkókò tí ọmọ ẹni tí kì í ṣe onílù fi ń jókòó ti ìyá àgbà láti gbọ́ oríkì. Nípa báyìí, ẹni tí ń lù àti ẹni tí ń gbọ́ jọ pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta ni ti owó. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì wọ ìlú, owó-oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn ní 1974 sì tẹ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Òde àríyá pọ̀. Ní irú òde bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń náwó ń fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn sì rí i. Onílù tí ó bá mọ orúkọ náà, tí ó sì mọ̀ ọ́n pè léraléra, á kó owó lọ sílé. Bí ó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta péré láti àárọ̀ di alẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ni ẹ̀rí pé ó ṣe dáadáa.

Kò tọ́ kí a di ẹ̀bi yìí ru owó nìkan. Onílù gbọ́dọ̀ jẹun, owó òde sì ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé má fi ìlù sílẹ̀. Kò sì tọ́ kí a di í ru fújì. Kollington Àyìnlá mú bàtá wọ inú fújì, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gbé e dé etí àwọn tí kì bá tí gbọ́ ọ rárá. Àwọn ọ̀dọ́ onílù náà ronú jinlẹ̀: wọ́n so ìlù kéékèèké mẹ́ta pọ̀, wọ́n pè é ní omele mẹ́ta, ọwọ́ ẹnìkan sì lè fi í sọ ohun tí ó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu ju ti bàtá àtijọ́ lọ. Ọgbọ́n tuntun ni èyí. Ohun tí ó bàjẹ́ ni pé adájọ́ kúrò lórí àga, kò sì sí ẹni tí ó tètè fura, nítorí pé òde kún, owó ń wọlé, ìlù sì ń dún.

Ibi Tí Iṣẹ́ Náà Ti Tún Gbéra

Ibi mẹ́ta ni a ti lè tọ́ka sí ìgbìyànjú láti gbé iṣẹ́ yìí sókè. Àkọ́kọ́ ni eré orí ìtàgé. Ní 1962, ẹgbẹ́ Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ní ilé Dúró Ládiípọ̀. Ní 1963, Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde, eré tí ó dá lórí ìtàn Ṣàngó, tí kò sì ṣeé ronú kàn láìsí bàtá. Ní 1964, wọ́n ṣe eré náà ní Berlin. Ohun tí eré orí ìtàgé mú wá ni ìgbáradì. Ní òde àríyá, onílù lè fi ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn dí àlàfo. Nínú eré, ọ̀rọ̀ ìlù ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí, òṣèré kan sì dúró tí ó ń retí rẹ̀. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi kejì ni yunifásítì. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, Akin Euba, olórin àti onímọ̀, ṣe ìwádìí lórí dùndún, ìwé ńlá rẹ̀ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1990. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù níbẹ̀. Ní 1989, a tẹ ìwé rẹ̀ jáde, èyí tí ó fi àmì tuntun kọ ìlù dùndún sílẹ̀. Ẹni tí yóò kọ ìlù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí omele ń ṣe gan-an, kí ó sì lè sọ ìdí tí ọ̀kan fi tọ̀nà tí èkejì kò fi tọ̀nà.

Ibi kẹta ni àwọn àlejò láti òkè òkun. Lẹ́yìn tí Beier dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth ní 1981, ọ̀nà ṣí fún àwọn onílù Èrìn-Ọ̀ṣun láti lọ sí Jámánì. Àwọn àlejò náà sì wá sí Èrìn láti kẹ́kọ̀ọ́. Debra Klein kọ ìwé kan tí ó jáde ní 2007 lórí bàtá àti àwọn onílù ìlú yìí. Amanda Villepastour, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Rábíù Àyándòkun, gbé ìwé jáde ní 2010 lórí bí bàtá ṣe ń sọ̀rọ̀ àti lórí ẹnà rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òkèèrè wá kì í ṣe ọmọ ilé. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dákẹ́. Ó ń bèèrè ìdí tí ọwọ́ fi kọ́kọ́ lọ sí ṣáṣá, àti ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìlù náà. Ọ̀gá tí ó ti ń lù ú fún ogún ọdún láìronú nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kí ó tú u sí wẹ́wẹ́. Bí kò bá rántí, á lọ bèèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó ṣẹ́kù. Ìbéèrè àlejò tipa báyìí sọ ọ̀gá di ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àtakò Kan

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan takò èyí pé àwọn ará òkè òkun kò gbọ́ Yorùbá, pé ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ ìlù. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtàgé ilẹ̀ òkèèrè lè di òde àríyá mìíràn, níbi tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún eré sísá àti agbára apá, tí onílù sì lè lu ohun tí kò nítumọ̀ fún wákàtí kan kí wọ́n sì dìde dúró yìn ín. Àmọ̀tán lè gba ọkọ̀ òfúrufú.

Èyí fi hàn pé ó yẹ kí a ya olùgbọ́ méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ó wá wòran, ìbáà ṣe ní Ìlobùú tàbí ní Berlin, kò béèrè ohunkóhun ju ìdùnnú lọ. Ẹni tí ó wá kọ́ ń béèrè ìdí. Ibi tí olùgbọ́ ti wá kò ṣe pàtàkì tó ohun tí ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àlejò nìkan ni ó ń bèèrè ìdí, a jẹ́ pé ìmọ̀ tí ó wà ní Èrìn yóò máa gbé inú ìwé tí a kọ ní èdè àjèjì, nígbà tí àwọn ọmọ Ìfọ́n àti Ìlobùú yóò máa jó ìlù tí wọn kò gbọ́.

Ìparí

Ìtàn tí a ti sọ yìí kan ju ìlù lọ. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tí kò bá ní ẹni tí ó lè bi í léèrè, bí ó ti wù kí ìran rẹ̀ lọ́lá tó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tí ó rọrùn ṣe òṣùwọ̀n. Ní ti agbègbè yìí, ohun méjì ni ó hàn pé ó yẹ ní ṣíṣe. Ó yẹ kí àwọn ilé-ìwé ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ ọmọ ní oríkì orílẹ̀ àti bí a ti ń fi etí tú ọ̀rọ̀ ìlù, àní bí ọmọ náà kò bá ní fọwọ́ kan ìlù láyé rẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ onílù máa jókòó lẹ́yìn òde, lójú àgbà, kí wọ́n sọ ibi tí ìlù ti já, kí wọ́n tó pín owó.

Ohun kan wà tí ó lè dí èyí lọ́wọ́. Ìjà ilẹ̀ láàrin àwọn ìlú yìí le ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀mí fi ṣòfò, tí ilé jóná, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ìrora àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tóbi ju ọ̀rọ̀ ìlù lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé onílù tí kò lè kọjá sí ìlú kejì ti pàdánù àwọn olùgbọ́ tí wọ́n mọ oríkì tí ìlú tirẹ̀ kò mọ̀. Ẹni tí ó lè sọ fún onílù Èrìn pé ó ṣì oríkì ilé kan ní Ìfọ́n kì, ọmọ Ìfọ́n ni. Bí ọ̀nà bá dí láàrin wọn, àwọn méjèèjì ni yóò máa rò pé àwọn gbọ́ ọ tán.